Kí Swab Tó Kan Dígí: Ọyẹ́, Sẹ́ńsọ̀ Kámẹ́rà àti Ìkánjú

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àmì dúdú kékeré kan ti ń gbé mi lọ́kàn. Inú ojú ọ̀run ló máa ń wà, nínú àwọn fọ́tò Òkè Ìdànrè tí àwọn ayàwòrán Àkúrẹ́ ń gbé sórí Facebook láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú. Ó rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe bàìbàì, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tó dọ̀tí tẹ bébà. Ẹ wo fọ́tò kìíní, ó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ wo èkejì, tí wọ́n ti kọjú kámẹ́rà sí ibòmíràn pátápátá, ibẹ̀ náà ló wà. Ẹyẹ kì í fò tẹ̀ lé kámẹ́rà kiri báyẹn. Eruku ni, orí sẹ́ńsọ̀, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán, ló sì jókòó sí.

Eruku fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Ta ni yóò gbé ìpínlẹ̀ Oǹdó láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì tí kò ní jẹ eruku? Ohun tó ń dùn mí ni ìmọ̀ràn méjì tí ẹni tó bá béèrè ìrànlọ́wọ́ máa ń gbà. Àwọn kan á ní, "Má fọwọ́ kàn án o! Á bàjẹ́ ni." Àwọn kejì á ní, "Kí ló le níbẹ̀? Fi òwú àti sípírítì nù ún jàre." Ẹni tó gba ti àkọ́kọ́ á máa fi kọ̀ǹpútà pa àmì kan ṣoṣo rẹ́ lórí irinwó fọ́tò ìgbéyàwó, títí ọrùn rẹ̀ á fi máa ro ó. Ẹni tó gba ti èkejì á fá ìlà sórí dígí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a pa rẹ́ mọ́.

Sẹ́ńsọ̀ ṣe é nù nílé. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò sì fara sin. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan wà láàárín iṣẹ́ náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá, ibẹ̀ sì ni kámẹ́rà ti ń bàjẹ́. Ìṣẹ́jú yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Yóò yé wa dáadáa tí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń nù.

## Dígí ni ọwọ́ yín máa kàn

Kí ọkàn ẹni tí ẹ̀rù ń bà kọ́kọ́ balẹ̀: kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ gan-an. Dígí pẹlẹbẹ kan wà níwájú rẹ̀ tó ń dí ìtànṣán infrared, èyí tí ojú èèyàn kò rí, lọ́nà, wọ́n sì fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ra ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa ta padà. Orí dígí yìí ni eruku ń jókòó sí, òun náà ni swab, ọ̀pá pẹlẹbẹ tí a fi aṣọ rírọ̀ wé, tí a ń kán oògùn ìnu sí, ń nù. Dígí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é họ. Bó bá sì ti họ, pípààrọ̀ ló kù, owó ìyẹn kì í ṣe owó kékeré.

Àyè bíńtín kan wà láàárín ojú dígí náà àti sẹ́ńsọ̀. Àyè yìí ló fa àdììtú tó ń da àwọn ayàwòrán láàmú. Ẹ na ọwọ́ yín sábẹ́ iná ọ̀pá gígùn inú pálọ̀: òjìji rẹ̀ lórí tábìlì á ṣe bàìbàì. Ẹ wá na ọwọ́ kan náà sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù: òjìji á mú ketekete, ẹ ó lè ka ìka. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ǹsì rí. Tí ihò rẹ̀ bá ṣí gbàgàdà, bíi f/2.8, ìmọ́lẹ̀ ń ya wọlé lọ́tùn-ún lósì, òjìji eruku á fọ́n ká débi tí ojú kò ní rí i. Tí ihò náà bá fún pinpin dé f/16 tàbí f/22, ọ̀nà tóóró ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, òjìji eruku á sì mú bí ẹni fi bírò kán an síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ya àríyá nínú gbọ̀ngàn Dome lálẹ́, tó ń lo f/2.8 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fi lè lo odindi ọdún kan láì mọ̀ pé inú kámẹ́rà òun ti dà bí ilẹ̀ sọ́míìlì. Ọjọ́ tó bá gun òkè Ìdànrè, tó fún ihò lẹ́ǹsì sí f/16 kí àpáta iwájú àti òrùlé ìsàlẹ̀ lè mọ́ kedere pọ̀, ọjọ́ náà ni àṣírí tú. Á ní eruku òkè ló ba kámẹ́rà òun jẹ́. Eruku yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Àwọn tó ń ya fídíò ni mo káàánú jù. Nínú fọ́tò, a lè fi kọ̀ǹpútà pa àmì rẹ́. Nínú fídíò, gbogbo àwòrán ń lọ, àmì yẹn nìkan ló dúró sójú kan bí eṣinṣin tó kú sára ògiri, ojú ẹni tó ń wò kò sì ní kúrò lára rẹ̀ mọ́.

## Ògiri funfun ni adájọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí ògiri sọ̀rọ̀ ná. Ẹ wá ògiri funfun, tàbí kí ẹ ṣí ojú ewé funfun báláú sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé kámẹ́rà sí ipò tí ẹ ti lè fọwọ́ yan ihò lẹ́ǹsì, kí ẹ lo f/22 àti ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀). Ẹ pa fókọ́ọ̀sì àdáṣe, ẹ yí i dé ọ̀nà jíjìn pátápátá, kí ẹ wá sún mọ́ ògiri tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan; ṣe ni a fẹ́ kí ògiri ṣe bàìbàì. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní +1, torí kámẹ́rà a máa sọ funfun di àwọ̀ eérú. Shutter, ewé tó ń ṣí tó sì ń pa dé níwájú sẹ́ńsọ̀, lè ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ti ṣí sílẹ̀, ẹ máa rọra mi kámẹ́rà sọ́tùn-ún sósì. Àbàwọ́n ara ògiri á fà gùn, á sì pòórá. Eruku orí sẹ́ńsọ̀ ní tirẹ̀ ń bá kámẹ́rà lọ bó ṣe ń lọ ni, nítorí náà á dúró digbí.

Ẹ má fi ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣèdájọ́. Ẹ gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 100%, kí ẹ fi kún ìyàtọ̀ dúdú àti funfun rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá máa wò ó láti igun dé igun.

Kì í ṣe gbogbo àmì ni eruku sẹ́ńsọ̀. Èyí tó bá ń tàn, tó mú ṣóńṣó, tó pupa tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan nínú àwọn ojú bíńtín (pixel) tó para pọ̀ di sẹ́ńsọ̀ ló ya òmùgọ̀. Kò sí swab tó lè wo ìyẹn sàn. Èyí tí ẹ bá ń rí nígbà tí ẹ bá yọjú wo inú kámẹ́rà onídígí (DSLR, tí dígí ìwòjú kan wà nínú rẹ̀, tó yàtọ̀ sí dígí pẹlẹbẹ tí a ń nù), ṣùgbọ́n tí kò hàn nínú fọ́tò, ibòmíràn ló wà, kì í ṣe orí sẹ́ńsọ̀. Tí ẹ kò bá sì dá a lójú bóyá lẹ́ǹsì ni, ẹ pààrọ̀ lẹ́ǹsì, kí ẹ ya ògiri kan náà. Àmì tó bá dúró sójú kan lẹ́yìn tí lẹ́ǹsì ti yí padà, ti sẹ́ńsọ̀ ni. Àìmáa ṣe ìdánwò yìí ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa nu iwájú lẹ́ǹsì láàárọ̀ lálẹ́, tí ojú lẹ́ǹsì ti fẹ́ bó, tí àmì sì wà níbẹ̀. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Nǹkan kan ṣì kù tó máa ń rú èèyàn lójú. Lẹ́ǹsì a máa da àwòrán dojú bolẹ̀ kó tó dé orí sẹ́ńsọ̀. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà nàró, tí ẹ kọjú sí ihò rẹ̀, àmì tó wà lókè fọ́tò, ìsàlẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ni ẹ ó ti bá a. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lápá òsì fọ́tò, apá òsì yín náà ló wà. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló pààrọ̀ ipò.

## Yàrá, bátìrì, àti rọ́bà afẹ́fẹ́

Ẹ pa fáànù. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù náà. Yàrá tó dára jù nínú ilé wa ni balùwẹ̀ tí wọ́n ti da omi sí ní nǹkan bí ìdajì wákàtí sẹ́yìn: omi ti fa eruku inú afẹ́fẹ́ wálẹ̀, kò sí kápẹ́ẹ̀tì, kò sí kọ́tìnì. Ẹ fi aṣọ tútù nu ibi tí kámẹ́rà máa jókòó. Ẹ má wọ súwẹ́tà tàbí aṣọ tó ń já fọ́nrán. Ẹ sọ tọ́ọ̀ṣì mọ́rí tí ẹ bá ní, torí ọwọ́ méjèèjì máa níṣẹ́, iná mànàmáná wa kì í sì í dágbére kó tó lọ.

Bátìrì kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kún. Nínú kámẹ́rà onídígí, ẹ ó lọ sínú menu, ẹ ó wá ibi tí wọ́n kọ pé kí dígí ìwòjú gòkè fún ìmọ́tótó, agbára bátìrì ló sì ń gbé dígí náà dúró lókè. Bí bátìrì bá kú nígbà tí swab wà nínú ihò, dígí á já lé e lórí, ewé shutter lè ṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má lo Bulb, ipò tí shutter ń ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà lórí bọ́tìnnì, fún iṣẹ́ yìí: ìka yọ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti pa dé. Kámẹ́rà tí kò ní dígí ìwòjú (mirrorless) rọrùn díẹ̀, torí bí ẹ ṣe yọ lẹ́ǹsì ni sẹ́ńsọ̀ ti wà níta. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lára wọn tó ń ti shutter pa bí ẹ bá ti pa kámẹ́rà. Ewé shutter ni ẹ ó máa rí nígbà náà, fífọwọ́ kan ìyẹn burú ju fífọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ lọ. Ẹ ka ìwé kámẹ́rà yín kí ẹ mọ bí tirẹ̀ ṣe ń ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà gbọn ara rẹ̀. Láti ọdún 2003 tí ilé iṣẹ́ Olympus ti gbé kámẹ́rà E-1 jáde ni wọ́n ti ń ṣe kámẹ́rà tó ń mi dígí iwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kíákíá kí eruku lè já bọ́, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú rọ́bà afẹ́fẹ́, èyí tí à ń fọwọ́ tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí ìta nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ìyẹ̀fun inú rọ́bà tuntun lè jáde. Ẹ wá dojú ihò kámẹ́rà kọ ilẹ̀, kí ẹnu rọ́bà má kọjá òrùka irin tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ sí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ gírígírí nígbà mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ohun tó já lè rí ibi bọ́ sí.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ ló máa ta sí i, itọ́ tó bá sì gbẹ sórí dígí le ju eruku lọ. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ inú agolo fẹ́ ẹ, torí ohun olómi tútù tó wà nínú agolo yẹn lè tú jáde, kó sì fi àmì sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹni tó ní òun á gbé kámẹ́rà lọ bá fọkanáísà. Ẹ jọ̀ọ́! Omi àti òróró wà nínú táǹkì yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń gbé táyà tírélà dìde á sì fọ́ ewé shutter yángá.

## Ìṣẹ́jú yẹn nìyí

Ẹ ti fẹ́ ẹ tán. Ẹ ya ògiri lẹ́ẹ̀kejì. Àmì mẹ́sàn-án ti di mẹ́rin. Swab wà lórí tábìlì, ẹ ti já ọ̀rá rẹ̀, ara ti ń yá yín. Ẹ dúró.

Ibi tí ìkánjú ti ń pa kámẹ́rà nìyí. Ọkàn ń sọ pé mẹ́rin tó kù yìí, kí swab gbá wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí ni mẹ́rin tó kù yìí jẹ́? Ìbéèrè yẹn ló tó gbogbo iṣẹ́ náà.

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe eruku lásán. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e wá, pàápàá láti ilẹ̀ gbalasa Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, quartz sì wà nínú rẹ̀, irú òkúta kan náà tó wà nínú yanrìn. Ní 1812, Friedrich Mohs ará Jámánì gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún líle òkúta, láti 1 dé 10: èyí tó le jù lè fá èyí tó rọ̀. Quartz wà ní 7. Dígí kì í sábà kọjá 5 sí 6. Àwọn ìyá wa kò mọ Mohs, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ń da yanrìn sí ìdí ìkòkò tó gba èédú. Yanrìn á fá èédú náà, ìdí ìkòkò á máa dán. Ta ni yóò wá da yanrìn sójú awò rẹ̀ kó máa fi kàǹkàn fọ̀ ọ́?

Ohun tí ẹni tó kánjú ń ṣe nìyẹn gan-an. Swab rọ̀, swab kọ́ ló ń fá dígí. Ṣùgbọ́n bí hóró quartz kan bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀, swab á gbé e mọ́ra, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì wọ́ ọ láti etí kan dé etí kejì. Ìlà kan tẹ́ẹ́rẹ́, títọ́, tó gùn tó sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni náà á sọ pé oògùn swab ló jẹ dígí òun. Oògùn kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ tẹ́ fọ́tò kìíní àti ìkejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó ti lọ, ó ti lọ. Èyí tó kúrò ní ipò rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, gbígbẹ ni, kò lẹ̀. Ẹ tún fẹ́ ẹ. Ẹ fẹ́, ẹ yà, ẹ wò, ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tí kò yẹsẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ẹ máa rò bóyá swab kàn án.

Ẹ tún wo ìrísí rẹ̀. Hóró yanrìn a máa dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa rí wúruwùru. Fọ́nrán aṣọ a máa rí bí okùn tó ká. Ohun tó jẹ́ òróró tàbí omi tó gbẹ a máa rí róbótó, àárín rẹ̀ a sì máa mọ́lẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ. Òróró lè wá láti inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, láti ara shutter. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí Nikon D600 tó jáde ní 2012 débi pé ilé iṣẹ́ náà pààrọ̀ shutter fún àwọn oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà. Òróró ò gbọ́ èdè afẹ́fẹ́. Swab ni tirẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ hóró yanrìn ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ńkọ́, tí ìgbà mẹ́ta fífẹ́ kò gbé e? Lásìkò ọyẹ́, ọ̀pá tí nǹkan rírọ̀ tó ń lẹ̀ díẹ̀ wà lórí rẹ̀ ni mo fara mọ́ kí ẹ tó mú swab. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ibẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé e sókè tààrà, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó bá a wá kó lè tu ohun tó gbé. Títẹ̀ àti gbígbé ni, kò gbọdọ̀ sí wíwọ́. Ohun tí a gbé sókè kò lè fá ibi tí kò kọjá. Ẹ ra èyí tó bá kámẹ́rà yín mu, torí òmíràn lẹ̀ jù fún dígí ti àwọn kámẹ́rà kan.

## Swab, ẹ̀kán oògùn méjì

Ìbú swab gbọ́dọ̀ bá gíga sẹ́ńsọ̀ mu. Sẹ́ńsọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní full frame jẹ́ mm 36 ní ìbú, mm 24 ní gíga. Swab mm 24 ni tirẹ̀. APS-C, irú sẹ́ńsọ̀ tó kéré sí i, kò ju nǹkan bíi mm 23 sí 24 lọ ní ìbú, gíga rẹ̀ sún mọ́ mm 15 tàbí 16. Swab mm 16 ni ẹ ó rà. Èyí tó fẹ̀ jù kò ní wọlé, èyí tó kéré jù á fi ìlà sílẹ̀ láàárín.

Oògùn tó wọ́pọ̀ fún un jẹ́ methanol tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Eclipse. Májèlé ni, ó sì ń gbaná. Ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé, kí àbẹ́là tàbí kọ́ìlì ẹ̀fọn má wà nínú yàrá. Ìgò kékeré kan á lo ọdún púpọ̀, torí ẹ̀kán kan tàbí méjì ló tó fún swab kan.

Ẹ kán an sí etí swab, kí ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá kó lè wọ inú aṣọ rẹ̀. Etí náà gbọ́dọ̀ tutù, kó má rin gbindin. Bó bá rin jù, omi á ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ dígí, á gbẹ síbẹ̀, á sì fi àmì tó rí bí omijé sílẹ̀. Ó tilẹ̀ lè wọ abẹ́ dígí, ìyẹn ti di iṣẹ́ ilé àtúnṣe. Bó bá gbẹ jù, ẹ ń fi aṣọ gbígbẹ ha dígí ni.

Ẹ gbé swab sí etí òsì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ fì díẹ̀ sí apá ibi tó ń lọ, bí ẹni di bírò mú. Ẹ fà á lọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì dúró, láì gbé e, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Agbára tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ kò ju èyí tí ẹ fi ń kọ̀wé lọ. Etí swab á tẹ̀ díẹ̀, ó tó. Nígbà tó bá dé etí ọ̀tún, ẹ gbé e, ẹ yí ojú kejì rẹ̀, kí ẹ fà á padà sí òsì. Swab yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára: kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń léfòó láti dín gbígbọ̀n kù, ẹ ó rí i tó ń yẹ̀ díẹ̀ bí swab ti kàn án. Ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ọwọ́ kejì dì í, ẹ kàn dín agbára kù.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń wò ó pé swab ọ̀hún kò tíì dọ̀tí, pé àwọn á tún lò ó. Hóró quartz tí ojú kò rí ti wà lára rẹ̀. Owó swab tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó dígí.

Ẹ ya ògiri. Òróró a máa gbà tó swab méjì tàbí mẹ́ta, torí èyí àkọ́kọ́ a máa pín in ká kí ìkejì tó kó o. Bí àmì bá pọ̀ sí i lẹ́yìn swab kìíní, kí ọkàn yín má dà rú.

## Ohun inú ilé tí kò yẹ níbẹ̀

Sípírítì ilé oògùn kì í ṣe ọtí nìkan: omi wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tún pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Bí ọtí bá fẹ́ lọ, ìyókù á dúró sórí dígí bí ojú òjò tó gbẹ sára gíláàsì ọkọ̀. Ọtí 70% náà nìyẹn, ìdá ọgbọ̀n tó kù omi ni. Èyí tí wọ́n fi ń pa àwọ̀ èékánná rẹ́ burú jù nínú gbogbo wọn, torí ó lè jẹ ike inú kámẹ́rà. Oògùn tí wọ́n fi ń nu fèrèsé, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀.

Òwú tí a fi ń nu etí ń já fọ́nrán. Tíṣù náà ń já. Aṣọ awò tí ẹ ti fi nu ojú àti fóònù ti gba òróró ara, ẹ kàn fẹ́ fi òróró rọ́pò eruku ni. Kí ẹ fi àmì sílẹ̀ fún oṣù kan títí ẹ ó fi rí swab gidi rà sàn ju kí ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún.

## Kí ó tó tún dọ̀tí

Ibi tí eruku ti ń wọlé ni ibi tí ẹ ti ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ yí ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ẹ dojú ihò rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí lẹ́ǹsì kejì sì ti wà lọ́wọ́ kí èkínní tó kúrò. Ẹ máa fẹ́ ẹ̀yìn lẹ́ǹsì àti inú ìdérí kámẹ́rà náà. Ìdérí tó ti wà nínú àpò pẹ̀lú eruku ló ń da eruku sínú kámẹ́rà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àríyá, ẹ jìnnà síbi tí wọ́n ti ń da páúdà kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ ṣọ́ òógùn dígí pẹ̀lú. Ẹ gbé kámẹ́rà jáde láti inú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù nini sínú ooru Ọjà Ọba, omi á là sójú lẹ́ǹsì. Bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀, ó lè là sórí dígí inú náà. Eruku gbígbẹ tí ìbá gba rọ́bà nìkan á di amọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú àpò rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi gba ooru ibẹ̀, bí ìdajì wákàtí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ya ògiri kẹ́yìn, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì: f/22, àti f/8. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àmì kan ní igun ìsàlẹ̀ lórí ti f/22, tó rí fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ ní láti fi kún ìyàtọ̀ dúdú àti funfun kí ẹ tó rí i. Ẹ wo ti f/8. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá swab tó kù padà sínú páálí rẹ̀, kí ẹ wọ lẹ́ǹsì yín.